Ọ̀gá Bíńtín àti Wúrà Pupa

Ilẹ̀kùn láàbù kì í gba Ọ̀gá Bíńtín lójúkojú. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà wọlé: èjìká ọ̀tún á ṣáájú, ikùn á tẹ̀ lé e, èjìká òsì á wá wọlé bí ẹrù tí wọ́n já kẹ́yìn nínú ọkọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní orúkọ náà, kì í sì ṣe nítorí ara rẹ̀. Nítorí iṣẹ́ tó ń kọ́ wọn ni. Ohun bíńtín ló ń kọ́ wọn: bí a ṣe ń ṣe nǹkan kéré títí ojú kò fi ní tó o mọ́, títí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kòkòrò àrùn pàápàá kò fi ní rí i, àti bí a ṣe lè fi irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ wá àrùn rí lára ènìyàn, tàbí ká fi gbé oògùn lọ síbi tí àrùn náà fara pamọ́ sí.

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ń ṣí ẹ̀kọ́. "Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Lẹ́yìn ìyẹn, á ní kí ẹnì kan fa irun orí rẹ̀ kan yọ fún òun, nítorí orí tirẹ̀ ti pá kanlẹ̀ kí ó tó gba iṣẹ́ olùkọ́. Á gbé irun náà sókè síbi iná. "Ẹ wo bó ti fẹ̀ tó. Tí ẹ bá to ẹ̀rún wúrà tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kí wọ́n tó gba ìbú irun yìí já." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á mí kanlẹ̀. Òun náà á mí kanlẹ̀, bí ẹni pé òun ló gé wúrà náà.

Òun kọ́ ló gé e. Fún nǹkan bí ogún ọdún tó ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, Ọ̀gá Bíńtín kò ṣe ẹ̀rún kan rí, bẹ́ẹ̀ ni kò dúró níbi tí ẹlòmíràn ti ń ṣe é rí. Ó kà á ni. Ó ka ohun tí àwọn tó ṣe é kọ, ó dà á kọ sórí pátákó, àwọn ọmọ dà á kọ, wọ́n tún dà á kọ nínú ìdánwò, òun náà á sì fún wọn ní máàkì nítorí pé wọ́n dà á kọ dáadáa. Ohun tó ń kọ́ni kéré débi pé kò sí ẹni tó fura pé kò sí níbẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ràn án lọ́wọ́. Ní igun láàbù, ẹ̀rọ ńlá kan wà lábẹ́ aṣọ funfun. Wọ́n máa ń fọ aṣọ náà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á tún fi bo ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó rántí ìgbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà gbẹ̀yìn. Àwọn ìgò tó dára jù lọ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, wọ́n tò wọ́n bí àwo tí ìyàwó tuntun gbé wálé, àwọn olùbẹ̀wò ni wọ́n tò wọ́n dè. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́rùn olùtọ́jú ẹrù, bàbá kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Kò-Gbọdọ̀-Tán. Tí o bá lọ bá a pé o fẹ́ ásíìdì díẹ̀, á bi ọ́ pé, "Tó bá wá tán ńkọ́?" Tí o bá ní wọ́n á ra òmíràn, á ní, "Kí wọ́n tó rà á, kí ni kí n máa tọ́jú?" Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn tí kò fi sí ohun tó tán rí ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, àfi sùúrù àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, olórí ẹ̀ka ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni obìnrin náà tẹ́lẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó da ọ̀rọ̀ kọ dáadáa jù lọ. Níwájú ènìyàn, Ọ̀gá Bíńtín máa ń pè é ní "Màámù". Tí ilẹ̀kùn bá ti padé, ó di "ìwọ ọmọ yìí". Obìnrin náà kò ka èyíkéyìí sí.

"Ẹ jókòó, sà."

Àga náà ní apá. Ọ̀gá Bíńtín wò ó, ó sì dúró.

"Àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ohun kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn. Kó ṣe é, sà. Wọn ò ní kó sọ ọ́."

"Mo lè ya àwòrán rẹ̀."

"Ẹ ti ń yà á láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì yín."

"Ṣé àwòrán yẹn burú ni?"

"Àwòrán dáa, sà. Bọ́ọ̀lù ni. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan yìí ní tòótọ́, wọ́n bi mí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní mo lè ya bọ́ọ̀lù."

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mo kọ́ ẹ ní gbogbo ohun tó o mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn." Ó ti ìwé tó wà níwájú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Tí ẹ ò bá ní nǹkan tí ẹ máa fi hàn wọ́n, wọ́n á fagi lé iṣẹ́ yín. Wọ́n á sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì nínú kẹ́mísírì àwọn ọmọ tuntun. Ibẹ̀ náà ni wọ́n á sì gbé yín lọ."

Ọ̀gá Bíńtín gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ọdún mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìn tì. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Tí wọ́n bá mú ohun bíńtín lọ́wọ́ rẹ̀, ara ńlá yìí nìkan ló máa kù.

Nílé, ó ń fi ṣíbí tọ oúnjẹ kiri inú àwo. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn, wò ó títí ó fi sú u.

"Dádì, ta ló kú?"

Ó rò ó fún un. Ó wá fi kún un pé, "Mo ti mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe. Omi wúrà. Wúrà tó bá kéré dé ìwọ̀n kan kì í pọ́n bí ìyeyè mọ́, ńṣe ló máa ń pupa. Ìlà pupa tó ń jáde lára tẹ́sì oyún tí ò ń ṣe fún àwọn obìnrin yẹn, wúrà ni."

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ ń fẹ́ mi sọ́nà. Gbogbo ọ̀rọ̀ yín nígbà yẹn, wúrà ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó ń lọ."

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Mi ò sọ pé irọ́ ni. Mo kàn ń retí ẹ̀gbà ọrùn." Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. "Ẹ lọ ṣe é. Ohun tí ènìyàn ti fi ẹnu sọ láti ọjọ́ yìí, ṣé ó wá lè nira fún ọwọ́?"

Ẹnu dùn ún ròfọ́, ó sì ti pẹ́ tí ẹnu Ọ̀gá Bíńtín ti ń rò ó.

Iyọ̀ wúrà tí wọ́n fi ń ṣe omi náà wà nílé-ẹ̀kọ́, nínú ìgò dúdú kékeré kan, lẹ́yìn gbogbo ìgò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò-Gbọdọ̀-Tán ti tọ́jú rẹ̀ débi pé àwọn tó rà á ti kú. Nígbà tí Ọ̀gá Bíńtín béèrè fún un, bàbá náà di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já ní nǹkan gbà. Àfìgbà tí olórí ẹ̀ka fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá. Ìgbà yẹn ni bàbá náà ṣí ìgò, ó mi díẹ̀ sínú ọpọ́n kékeré kan, ó sì yára dé e.

"Bàbá, èyí kéré," ni Ọ̀gá Bíńtín wí.

"Ṣebí ohun kékeré lẹ ń kọ́ni?"

Ó ṣe é ní ọ̀sán ọjọ́rú, gbogbo kíláàsì sì yí i ká. Olórí kíláàsì, ọmọbìnrin kan tí kì í wojú ẹnikẹ́ni kó tó sọ̀rọ̀, ló ń ka ìlànà sí i létí. Wọ́n fi omi tó mọ́ gaara, èyí tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà, ṣan ìgò ní àṣantúnṣan. Wọ́n gbé omi wúrà kaná. Ó pọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyeyè, bí omi tí wọ́n fi ṣan àwo ẹyin. Nígbà tó hó, Ọ̀gá Bíńtín da iyọ̀ ọsàn sí i, ìyẹn iyọ̀ kan tó bá omi ọsàn kíkan tan. Díẹ̀ dà sórí tábìlì.

Àwọ̀ pípọ́n náà pòórá. Omi wá dà bí omi lásán.

"Sà, ó ti lọ," ni olórí kíláàsì wí.

"Mo rí i."

"Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?"

Ọ̀gá Bíńtín kò mọ̀. Nínú ìwé, ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyà á já ènìyàn. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó di eérú, ó di dúdú, àwọn ọmọ kan ti ń wá báàgì wọn. Lẹ́yìn náà ló di àwọ̀ elése àlùkò, dúdú ń ṣí kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì pupa. Ó pupa bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sínú abẹ́rẹ́, ó mọ́, iná ń là á kọjá.

Ọ̀gá Bíńtín yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní ooru ló bò ó. Ogún ọdún ló fi gba owó oṣù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó wá yà á lẹ́nu pé òótọ́ ni.

Àárọ̀ ọjọ́bọ̀ ni nǹkan bàjẹ́, òun ló sì bà á jẹ́.

Wọ́n ti to tábìlì kalẹ̀ yí láàbù ká, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé wọn. Olùkọ́ tó wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ gba iṣẹ́, ti po ọṣẹ olómi kún garawa mẹ́ta, ìfófòó rẹ̀ ga bí gèlè. Ìgò ńlá kan láti inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n fún Ọ̀gá Bíńtín, nítorí ìgò ńlá ló yẹ olùbẹ̀wò. Omi pupa náà wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò ju ohun tí ènìyàn lè gbé mì lẹ́ẹ̀kan lọ.

Olórí ẹ̀ka gba ibẹ̀ kọjá, ó ń lọ pàdé àwọn olùbẹ̀wò. Ó dúró díẹ̀.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí, sà?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Oníṣẹ́ ọṣẹ wo ìgò náà, ó wo garawa tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sínú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bù yín lọ́ṣẹ díẹ̀ kó lè kún."

Ọkùnrin tó ti fi ohun bíńtín jẹun fún ogún ọdún wo ohun tó ní, ojú tì í pé ó kéré. Ó gbé ìgò náà lọ sí ẹnu ẹ̀rọ omi ní igun láàbù, ó sì ṣí i sí i títí ó fi kan ọrùn.

Ó mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò mọ̀. Omi ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á, ó níyọ̀ débi pé ó ń fi èépá funfun sí inú kẹ́túlù gbogbo ọ́fíìsì. Òun fúnra rẹ̀ ló ti kọ ọ́ sórí pátákó láìmọye ìgbà pé iyọ̀ ni ọ̀tá omi wúrà. Ó ti fi í ṣe ìdánwò. Ó ti mú kí ọmọ fìdí rẹmi lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni ìmọ̀ yẹn wà. Ojú títì wà lára rẹ̀, ohun tó wà lára ènìyàn ló sì ń gbé ọwọ́.

Ó gbé ìgò tó kún padà sórí aṣọ funfun. Ó ṣì pupa, ó kàn fẹ́lẹ̀ díẹ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn. Ìró bàtà ti ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí ó tún wò ó, ó ti ń di elése àlùkò. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó ti di aró.

Olórí ìgbìmọ̀ olùbẹ̀wò jẹ́ bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ dókítà. Ó yin ọṣẹ, ó fi fọ ọwọ́ rẹ̀, ó dé tábìlì Ọ̀gá Bíńtín.

"Níbí, sà," ni olórí ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀, "olùkọ́ wa fi wúrà ṣe omi pupa..." Ó yíjú sí ìgò. Ó pa ẹnu dé, ó sì tún un ṣí. "Olùkọ́ wa fi wúrà ṣe omi tí ẹ ń wò yìí."

Bàbá Dókítà tẹ̀ síwájú. "Ó dára púpọ̀. Àwọ̀ yìí wù mí. Wúrà ló sì wà nínú rẹ̀?"

"Wúrà ni, sà," ni Ọ̀gá Bíńtín wí.

"Ẹ kú iṣẹ́." Ó ti ń gbé kálàmù rẹ̀ sókè.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Iṣẹ́ náà ìbá dúró, orúkọ ìbá dúró, kò sí olùbẹ̀wò kan tó mọ̀ bóyá pupa ló yẹ kó jẹ́ tàbí ewé. Olórí ẹ̀ka ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ìgbà náà ni olórí kíláàsì sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí bí ìgò mìíràn.

"Sà, ta ló da omi sí i?"

"Èmi kọ́ o," ni Kò-Gbọdọ̀-Tán wí lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Irọ́ kan ti wà lẹ́nu Ọ̀gá Bíńtín, ó ti wọṣọ, ó ti wọ bàtà: kó ní ńṣe lòun mọ̀-ọ́n-mọ̀ sọ ọ́ di aró láti fi kọ́ni. Ìbá ta. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn yẹn ti rí omi náà lọ́jọ́rú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní ohun kan tí òun àti wọn jọ mọ̀ pé òótọ́ ni, kò sì fẹ́ kó bọ́.

"Èmi ni," ó wí.

"Kí ló dé, sà?" Ọmọbìnrin náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

"Ó kéré."

Ẹ̀rín bẹ́ láàbù. Oníṣẹ́ ọṣẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di garawa mú. Bàbá Dókítà pàápàá yọ awò ojú rẹ̀. "Ohun tí ojú kò tó, ó wá kéré lójú yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ṣe." Kò wo ìwé. "Ẹ̀rún wúrà tó wà nínú omi yìí ń yẹra fún ara wọn, bí orogún nínú ilé kan. Bí ọ̀kan bá yọ lápá ọ̀tún, èkejì á gba òsì. Tí wọn ò bá ti fẹ́ fojú kan ara wọn, omi á máa pupa. Iyọ̀ inú omi ẹ̀rọ ló wọ àárín wọn tó parí ìjà. Wọ́n di mọ́ra, ó di aró. Nínú ilé ènìyàn, ìjà ló ń ba nǹkan jẹ́. Níbí, ìlàjà ni."

"Ìyàwó méjì lẹ ní?" ni Bàbá Dókítà béèrè.

"Rárá, sà. Ìyá mi ló lórogún."

Ó wá sọ ti tẹ́sì oyún: bí wọ́n ṣe ń so ohun kan mọ́ ara ẹ̀rún wúrà tó ń di àmì oyún mú nínú ìtọ̀, bí wúrà náà á ṣe máa bá omi lọ lórí ìwé tẹ́sì pélébé náà títí á fi dé ibi tí wọ́n ti lúgọ dè é, tí wọ́n á mú un, tí wọ́n á mú èyí tó tẹ̀ lé e, títí wọ́n á fi pọ̀ tó kí ojú rí wọn. "Ìlà pupa yẹn, wúrà tí wọ́n mú lójú ọ̀nà ni."

Bàbá Dókítà mi orí. "Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe dókítà, inú ike ìdọ̀tí la máa ń jù wọ́n sí."

"Ilé ìwòsàn wo ni, sà?" ni Kò-Gbọdọ̀-Tán béèrè.

"Mo ti gbọ́ ọ," ni bàbá arúgbó náà wí fún Ọ̀gá Bíńtín. "Ẹ ti sọ ọ́ dáadáa. Ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́. Ẹ ṣe é kí n rí i."

Olórí ẹ̀ka na ọwọ́ sí Kò-Gbọdọ̀-Tán. Bàbá náà gbé ìgò dúdú wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni tó ń gbé òkú ọmọ. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dà. Olórí kíláàsì ṣan ìgò kékeré kan, ó ṣàn án, ó tún un ṣàn. Wọ́n gbé e kaná. Omi kì í yára hó fún ẹni tí wọ́n ń wò; àwọn olùbẹ̀wò dúró, ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, ìfófòó ọṣẹ ti rọ̀ sílẹ̀ nínú garawa. Omi hó. Ọ̀gá Bíńtín da iyọ̀ ọsàn sí i. Nígbà tí àwọ̀ náà pòórá, olùbẹ̀wò kan kẹ́dùn. "Ẹ ní sùúrù," ni Ọ̀gá Bíńtín wí. Ó ṣú. Ó di elése àlùkò. Ó pupa.

Bàbá Dókítà gbé ìgò náà síbi fèrèsé, ó wò ó pẹ́. "Iṣẹ́ yìí dúró," ó wí. "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ọmọ tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kò gbọdọ̀ yege. Kí wọ́n ra wúrà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dúró tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ nígbà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

"Ó pupa?"

"Ó kọ́kọ́ di aró."

Ó rò ó fún un, kò fo ibì kankan. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú apá aṣọ kan lọ́rùn. "Wọ́n wá gbà á?"

"Wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ló máa ṣe é lójú mi, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á máa bi mí ní ìbéèrè. Èmi fúnra mi, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì ṣe é láyé mi."

"Ẹ fi ẹ̀ẹ̀mejì jù wọ́n lọ nìyẹn."

Ọ̀gá Bíńtín ro ọ̀rọ̀ náà wò. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ni, kò tíì jù wọ́n lọ tó bẹ́ẹ̀ rí.